Ó Ti Kúrò Lọ́dọ̀ Wa

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Kaneng pè láti Jos.
Kò kí mi, kò béèrè ọmọ.
Ó ní, "Ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa,
ó dorí kọ ìwọ̀-oòrùn. Ká aṣọ rẹ."

Aago mẹ́fà kù díẹ̀, Zugwai pè láti Kafanchan,
ohùn rẹ̀ ń já bí okùn àlòkù:
"Òrùlé ilé ìwé… mo wà láyè,
ṣé o gbọ́? Mo wà láyè. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Ní Minna níbí, ooru dúró sẹ́nu ọ̀nà bí olówó èlé.
Ewé máńgòrò kan kò mì.
Àwọn ewúrẹ́ Baba Shekwo ti mọ ohun tí a kò mọ̀,
wọ́n ti há ara wọn sábẹ́ ọmọlanke.
Mo ká aṣọ.
Mo gbé garawa mẹ́ta síbi tí òrùlé ti jò lésìí.

Yàrá kan ni àwa márùn-ún jọ sùn
ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, lọ́dún tí gàárì wọ́n:
àpótí márùn-ún, dígí kan.
Bí òjò bá dé lóru, Yebo nìkan ní í dìde
láti ti fèrèsé fún àwa olóorun.
Ọkọ ló fọ́n wa ká bí ẹ̀wà tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé,
ṣùgbọ́n ìjì ọdọọdún mọ ilé wa ní tẹ̀léǹtẹ̀lé:
Jos, Kafanchan, Minna, Zungeru, Kontagora,
bí rélùwéè tí kò já tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó dé kí wọ́n tó parí ìrun alẹ́.
Erukuru ló kọ́kọ́ wọlé, pupa, kò kanlẹ̀kùn.
Lẹ́yìn náà ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí í gbó
bí ajá tí okùn fún lọ́rùn.
Nínú mànàmáná, mo rí pátákó kẹ́míìsì
tó ń fò lọ bí lẹ́tà tí a kò kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí.
Mo wọ abẹ́ tábìlì, mo ń gbọ́ bí ìṣó ṣe ń tú,
ọ̀kan, òmíràn.
Mo gbàdúrà. N kò ní í purọ́, àdúrà mi kò gùn:
"Jẹ́ kó gba ibòmíràn."
Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí
ẹni tó ń gbé ibòmíràn.

Ó lọ. Mo gbé fóònù.
"Yebo, ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa…"
Obìnrin inú ẹ̀rọ ní kò sí lórí ìlà.
"Yebo, jìnnà sí igi dóńgóyárò yẹn…"
Obìnrin inú ẹ̀rọ tún wí bẹ́ẹ̀.
Mo pe Talatu ní Kontagora, ó gbọ́, ó sáré wọlé.
Mo pe Yebo títí fóònù fi kú mọ́ mi lọ́wọ́.
Ó wá ku èmi àti garawa nínú òkùnkùn,
èmi ń sọ̀rọ̀,
garawa ń dáhùn pé tó, tó, tó.

Ìdájí ni mo gun ọ̀kadà.
Òpó iná mẹ́rìnlá dọ̀bálẹ̀ lọ́nà Zungeru, mo kà wọ́n.
Ọlọ́kadà ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun tó wí.

Ilé Yebo kò lórùlé mọ́.
Ògiri dúró. Ilẹ̀kùn dúró, títì ló wà.
Mo kanlẹ̀kùn. Ẹ wò ó,
ilé tí ojú ọ̀run ti wọ̀, mo dúró, mo ń kanlẹ̀kùn.
"Ta nìyẹn?"

Ó jókòó lórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi,
ó ń sá ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀
sórí ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ó wo bàtà mi, ó wo ojú mi,
ó ní, "Òrùlé tìrẹ ńkọ́?"

N kò lè sọ pé ó dúró.
N kò lè sọ ohun tí mo tọrọ lábẹ́ tábìlì.
Mo mú ìwé kan, mo rọra ń ya àwọn ojú ewé tó lẹ̀ mọ́ra.
Ndagi ni orúkọ ọmọ tó ni ín,
ó gba méjì nínú mẹ́wàá.
Yebo ti fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀: Tún un ṣe.
Mo sá a sínú oòrùn,
mo mú òmíràn.